Aago Mẹ́rin ni Alhaji Láwàl Sọ: Ìtàn Ìgbésí Ayé Ọmọ Alápó tí Ó Ń Ṣírò Ọ̀nà Òfúrufú

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005, wọ́n pa irọ́ kan mọ́ Alhaji Láwàl Àbdùlàhí ní ojú sàréè bàbá rẹ̀ ní Ìgbó-Ọrà. Irọ́ náà kò gùn, kò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé e fún ogún ọdún. Ó bá a wọ mọ́sáláṣí, ó bá a jókòó ní ìpàdé ẹbí, ó sì di orúkọ tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń pè é. Ẹbí Alápó rò ó pé kò yẹ kí a ka ìtàn olóògbé sí etígbọ̀ọ́ ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, kí a sì fo ìyẹn dá. Nítorí náà ni a ṣe fi ṣíwájú. A ó padà dé ibẹ̀.

Alhaji Láwàl ni àkọ́bí Bàbá Àbdùlàhí Alápó, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ti agboolé Alápó ní Ìbẹ̀rẹ̀kódò, Ìgbó-Ọrà. Màmá Oyinadé, ọmọ Lanlate, ni ìyá tí ó bí i. Ọdún 1958 ni wọ́n bí i, ní àsìkò tí wọ́n ń kó àgbàdo àkọ́kọ́ wọlé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bí àbúrò rẹ̀, Dàda, tí irun orí rẹ̀ ti ta kókó láti inú ìyá rẹ̀ wá. Àwọn ọmọ mìíràn wà, ṣùgbọ́n wọn kò dúró. Àwọn méjì yìí ni ó kù fún òbí wọn, orí ẹní kan náà ni wọ́n sì ń sùn.

Láwàl bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1966, Dàda sì tẹ̀lé e ní 1968. Àwọn méjèèjì ni ó mọ̀wé. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì nígbà náà ṣì lè jẹ́rìí sí i pé Dàda yára ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ níbi ìṣirò àfẹnukà. Ní ọdún 1971, àdá já mọ́ Bàbá Àbdùlàhí lẹ́sẹ̀ ní oko, egungun sì fara gbá. Ọwọ́ kan kò lè ro oko ẹ̀gẹ́ náà. Bàbá ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ kúrò ní ilé ìwé. Tíṣà wá sí ilé, ó bẹ̀bẹ̀ fún Láwàl nítorí pé ó ti wà ní kíláàsì kẹfà. Kò sí ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí ó wà ní kíláàsì kẹrin.

"Dàda, ìwọ lo lágbára," ni Bàbá wí. "Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ parí tirẹ̀. Tí ẹsẹ̀ yìí bá ti san, wàá padà."

Ẹsẹ̀ náà san ní ọdún kejì. Kò sí ẹni tí ó tún mẹ́nu ba ilé ìwé, Dàda náà kò sì béèrè. Ó gbé e sínú. Ẹni tí ó bá mọ Dàda mọ̀ pé ohun tí ó bá wọ ibẹ̀ kì í tètè jáde.

Láwàl ṣe ilé ìwé gírámà ní Eruwa, ó parí ní 1976. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Zaria, ó kọ́ iṣẹ́ àwọn tí ń tọ́jú ìrìnàjò ọkọ̀ òfúrufú. Ọdún 1980 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfúrufú Kano, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣírò bí ọ̀nà ṣe jìn tó láti pápákọ̀ kan dé èkejì, iye wákàtí tí ọkọ̀ yóò lò, bí atẹ́gùn yóò ṣe tì í tàbí kí ó dá a dúró, àti iye epo tí ó gbọ́dọ̀ gbé. Àwọn òbí rẹ̀ kò tètè mọ ohun tí ó ń ṣe. Nígbà tí ó kọ́kọ́ wálé, Bàbá pè é jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Láwàl, ṣé ìwọ lo wá ń wa bàálù ni?"

"Rárá, Bàbá. Èmi ni mò ń sọ fún awakọ̀ bí ibi tó ń lọ ṣe jìn tó, àti ìgbà tó máa dé ibẹ̀."

"Awakọ̀ ò wá mọ ọ̀nà ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láwàl náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó mú pẹ́ńsù, ó sì fi hàn wọ́n. Láti Kano dé Èkó lójú òfúrufú, ẹgbẹ̀rin kìlómítà ó lé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Wákàtí kan àti nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni bàálù ń lò. "Ṣùgbọ́n wákàtí inú òfúrufú nìyẹn o, Bàbá," ni ó wí. "Ilé dé ilé yàtọ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ rìnrìn-àjò, títí ó fi di pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá a parí rẹ̀. Dàda wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọjọ́ náà, ó ń pọ́n ọkọ́. Ó ti ṣe ìṣirò náà ní orí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 1984 ni a so yìgì Alhaji Láwàl àti Alhaja Rùkáyyàh, ọmọ Ìdèrè, ní mọ́sáláṣí Ìdèrè. Ìgbéyàwó náà tutù títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn. Ó lọ sí Mẹ́kà ní 1996. Ní gbogbo ọdún tí ó lò ní Kano, kò sí Iléyá tí kò wá sí ilé. Kí ó tó dé, Bàbá kì í jẹ́ kí wọ́n gún iyán. "Ẹ dúró de Láwàl," ni yóò máa wí. Àwọn tí ó gbin iṣu náà yóò jókòó ti ebi.

Bàbá Àbdùlàhí kú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí a sọ lókè yìí, lẹ́yìn ìrun Àsùbá. Ọyẹ́ ń mú. Fóònù kan ṣoṣo ni ó wà ní agboolé nígbà náà, Alhaji Láwàl ni ó rà á fún Dàda. Dàda ni ó pè é. Alhaji Láwàl sunkún, lẹ́yìn náà ó ní kí àbúrò òun jẹ́ kí òun ṣírò. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ó fi pè padà.

"Dàda, gbọ́ dáadáa. Bàálù máa gbéra níbí ní aago mọ́kànlá. Á balẹ̀ sí Èkó ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo máa gba táásì níbẹ̀, mo máa gba Abẹ́òkúta wọlé, wákàtí mẹ́ta nìyẹn. Mo ti fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọyẹ́. Aago mẹ́rin, lẹ́yìn ìrun Àsàrí. Bá mi bẹ Ìmáàmù kí wọ́n dúró dè mí."

"Mo ti gbọ́, Bùọ̀dá."

"Tún un sọ."

"Aago mẹ́rin, lẹ́yìn Àsàrí."

Ó gbọ́ ọ, ó sì tún un sọ. Kò sí ohun tí ó ṣe etí rẹ̀.

Ní agboolé Alápó, àkọ́bí ni ó máa ń wọ inú sàréè láti gba orí òkú òbí rẹ̀ sílẹ̀. Dàda jókòó ti òkú Bàbá, ó ń rò ó. Láti ìgbà tí ó ti kúrò ní ilé ìwé, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó fi wà pẹ̀lú ọkùnrin yìí. Òun ni ó ń fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, òun ni ó ń bá a wẹ ẹsẹ̀ tí àdá já mọ́, òun ni ó mọ ẹ̀gbẹ́ tí ó ń fi sùn. Ẹnìkan yóò wá ti òkè já bọ́ ní aago mẹ́rin, yóò sì gba orí Bàbá lọ́wọ́ òun. Nígbà tí Ìmáàmù wọlé, tí ó béèrè ohun tí Láwàl wí, Dàda kò gbé ojú sókè.

"Ó ní wákàtí kan àti díẹ̀ ni bàálù," ni ó wí. "Ó ní òun á ti dé kí ẹ tó kí ìrun Àílà. Tí ẹ ò bá rí òun, kí ẹ máa bá a lọ."

Kò sí ẹnì kan nínú àwọn tí ó wà ní ilé náà tí ó ti wọ bàálù rí. Wákàtí kan àti díẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì bá ohun tí wọ́n mọ̀ mu. Ibi tí bàálù parí sí, táásì, Abẹ́òkúta, ọ̀nà tí ó kún fún kòtò, gbogbo èyí ni Dàda gé kúrò. Aago méjì lù, wọ́n kí ìrun Àílà. Wọ́n wo ojú ọ̀nà títí, wọn kò rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kírun sí Bàbá lára. Dàda wọ inú sàréè, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba orí bàbá rẹ̀.

Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, táásì kan dúró ní ẹnu ọ̀nà. Alhaji Láwàl bọ́ sílẹ̀. Ó rí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi wọ́n, ó sì rí àwọn tí ń ṣan ọkọ́.

"Dàda," ni ó wí. "Aago mẹ́rin ni mo sọ fún ọ."

"Ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀yin ará!" Dàda ti gbé ohùn sókè. "Wákàtí kan lẹ sọ fún mi, Bùọ̀dá! Àbí kí òkú máa dúró de bàálù ni?"

"Ẹni tó ń ṣírò fún bàálù!" ni ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu àwọn kan kí wọ́n tó rántí ibi tí wọ́n wà.

Bébà tí Alhaji Láwàl fi ṣírò wà ní àpò agbádá rẹ̀, Alhaja Rùkáyyàh ni ó padà rí i níbẹ̀ nígbà tí ó fẹ́ fọ aṣọ náà. Alhaji Láwàl kò yọ ọ́ ní ọjọ́ náà. Ó dojú kọ sàréè, ó ṣe àdúrà, ó lo ọjọ́ mẹ́ta, ó padà sí Kano. Láti ọjọ́ náà lọ, Alhaji Wákàtí Kan ni wọ́n ń pè é ní Ìgbó-Ọrà.

Ohun tí ó ya ẹbí lẹ́nu jù ni pé Dàda ni ó bínú. Ó dá fóònù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà fún un padà sí Kano. Ní gbogbo ogún ọdún náà, kò jẹ oúnjẹ kankan ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí wọ́n bá gbé omi fún un, á ní òun ti mu. Bí ẹnìkan bá fẹ́ parí ìjà fún wọn, Dàda a ní kò sí ìjà. Alhaji Láwàl náà a ní kò sí ìjà. Kò fi ẹjọ́ àbúrò rẹ̀ sun ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2018, ó sì kó wálé pátápátá. Ó rí i pé àtẹ àsìkò ìrun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri mọ́sáláṣí wa, Kaduna ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, oòrùn Kaduna kì í sì í wọ̀ pẹ̀lú tiwa. Kí ààwẹ̀ 2019 tó bẹ̀rẹ̀, ó jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ṣe àtẹ tuntun fún Ìbàràpá, ó gbé e wá sí ìpàdé mọ́sáláṣí. Alhaji Láńrewájú, tí ó jẹ́ alága wa nígbà náà, wò ó lókè wò ó nílẹ̀.

"Iṣẹ́ yìí dáa o," ni ó wí, "ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ aago tó máa bá òkú bàbá rẹ̀, ṣé òun ló máa wá sọ ìgbà tá a máa ṣínu fún wa?"

Mọ́sáláṣí mì fún ẹ̀rín. Dàda jókòó ní ìlà kẹta nínú sàfù. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ̀rọ̀. Alhaji Láwàl ká àtẹ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún àyè tí wọ́n fún òun, ó jókòó. Mọ́sáláṣí kan ní Eruwa gbà á, òmíràn ní Lanlate náà gbà á, wọ́n sì ń lò ó títí di òní. Tiwa ṣì ń bá Kaduna ṣínu.

Àwọn tí ń lọ sí Mẹ́kà ni kò kọ̀ ọ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń wá bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sọ fún wọn ìgbà tí wọn ó kúrò nílé, ohun tí wọn ó jẹ, àti ibi tí ilẹ̀ yóò ti mọ́ bá wọn. Ìgbà kan, Alhaja Ràhmọ̀t tí ń ta gàrí lẹ́bàá òpópónà Ìdèrè bi í léèrè bóyá bí òun bá kí ìrun Àílà ní Èkó, òun ó bá Àsàrí ní Jẹ́dà.

"Wákàtí márùn-ún àbọ̀ ni bàálù, Alhaja. Tiwọn sì fi wákàtí méjì ṣíwájú tiwa. Ilẹ̀ á ti ṣú kí ẹ tó balẹ̀."

"Wákàtí méjì mi wá dà? Ta ló mú un?"

"Wọ́n á dá a padà fún yín tí ẹ bá ń bọ̀ wálé."

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ o, Alhaji, kí wọ́n má jẹ ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́!"

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Kò sí ẹni tí ó tọ̀ ọ́ wá tí kò fi ẹ̀rín lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ìta, a máa gbọ́ tí wọn ń wí pé, "Ẹ fi wákàtí díẹ̀ lé ohun tó sọ o, ẹ mọ̀ ọ́n."

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, èémí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro fún un. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀. Ọ̀sán gbogbo ni Dàda ń wá, yóò jókòó sí ẹnu ìloro, kò ní wọlé, kò ní jẹun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ku àwọn méjèèjì nìkan. Dàda ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ilé wá.

"Bùọ̀dá."

"Ẹn-ẹ́n, Dàda."

"Ọjọ́ yẹn..."

Alhaji Láwàl yí orí sí i. Ó dúró. A kò mọ iye ìṣẹ́jú tí ó fi dúró, ṣùgbọ́n Dàda wí fún wa lẹ́yìn náà pé ó pẹ́, àti pé ẹ̀gbọ́n òun kò gbé ojú kúrò lára òun.

"Ọjọ́ tí òjò máa dá ni mò ń bi yín," ni Dàda wí.

Alhaji Láwàl wo ojú ọ̀run láti ojú fèrèsé. "Kò ní kọjá ọ̀sẹ̀ yìí," ni ó dáhùn. Ó sì di ojú rẹ̀.

Ọlọ́run gba ẹ̀mí rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Ó fi ìyàwó rẹ̀ sáyé lọ, Alhaja Rùkáyyàh, àti àwọn ọmọ mẹ́ta: Nàfísàt tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbújá, Tàófíìk tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìlọrin, àti Àràmídé tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé níbí, tí ó tọ́jú rẹ̀ dé òpin. Ọmọọmọ márùn-ún ni ó rí kí ó tó lọ, Kíkí ni àgbà wọn, àwọn ìbejì Tàófíìk sì ni àbíkẹ́yìn. Ó tún fi àbúrò kan ṣoṣo sílẹ̀, Dàda.

A sin ín ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Àwọn èrò Eruwa wá, ti Lanlate wá, ti Ìdèrè wá, àwọn tí ó ti ṣírò ọ̀nà Mẹ́kà fún kò lóǹkà. Lẹ́yìn tí a kírun sí i lára, Ìmáàmù kọjú sí àwọn ènìyàn. Gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe kí òkú tó wọlẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni tí olóògbé bá ṣẹ̀, kí ó foríjìn ín.

"A ti foríjìn ín," ni gbogbo ènìyàn dáhùn.

Alhaji Láńrewájú gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. Kò ní inú burúkú kankan, omijé wà lójú rẹ̀. "Èmi náà foríjìn ín," ni ó wí. "Mo sì ń sọ ọ́ lórúkọ gbogbo àwa tí a sin Bàbá Àbdùlàhí. Pé kò dé ní aago tó dá fún wa ní ọjọ́ yẹn, a foríjìn ín. Kí Bàbá rẹ̀ náà foríjìn ín lọ́hùn-ún."

"Àmín!"

Àmín náà rinlẹ̀. Dàda wà ní etí sàréè pẹ̀lú erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí ó bá àwọn ọ̀dọ́ gbẹ́ ẹ. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni.

"Ẹ gba Àmín yẹn padà," ni ó wí.

"Kí lo sọ?" ni Alhaji Láńrewájú bi í.

"Mo ní kí ẹ gbà á padà. Ẹ má foríjìn ín."

Ariwo sọ. "Dàda! Títí dé ojú sàréè?" "Inú wo lo ní yìí, ṣé inú èèyàn ni?" Tàófíìk di ọwọ́ bàbá kékeré rẹ̀ mú, ó fẹ́ fà á kúrò. Dàda gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ẹ má foríjìn ín, kò ṣe é!" Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè, ó fẹ́ kí ẹni tí ó wà ní ìdí igi lọ́hùn-ún gbọ́. "Aago mẹ́rin ni Bùọ̀dá mi sọ fún mi. Aago mẹ́rin, lẹ́yìn Àsàrí. Wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Wọ́n sì ti dé kí aago mẹ́rin tó lù, gbogbo yín lẹ rí wọn. Èmi ni mo sọ nǹkan mìíràn fún Ìmáàmù, torí mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi gba orí Bàbá. Ogún ọdún lẹ fi ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, mo jókòó níbẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Wọn ò pẹ́. Èmi Dàda ni mo parọ́. Tí ẹ bá ní ìforíjìn tó kù lọ́wọ́, èmi ni kí ẹ fún."

Alhaji Láwàl Àbdùlàhí, ọmọ Alápó, kí Ọlọ́run fi ìmọ́lẹ̀ kún ibi tí ẹ wà, kí ilẹ̀ Ìgbó-Ọrà rọ̀ fún yín.